Àjọgbìn, Ìlú Tí Ọba Kì í Fọwọ́ Kan Pèrègún

Ẹ̀yin ọmọ Àjọgbìn, ọmọ òkè tí kò ní baba, ọmọ omi tí kò ní olówó, ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́. Ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń yangàn lójú àlejò. Bí àwọn ìlú mìíràn bá ń sọ ti akọni tó tẹ̀ wọ́n dó, orí wọn a máa wú. Tiwa yàtọ̀. Ìtìjú inú rẹ̀ ju ògo inú rẹ̀ lọ. Àwọn baba wa ì bá ti rì í mọ́lẹ̀, bí kò bá ṣe pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ, àwọn baba wa sì ti fi ojú ara wọn rí ìlú tó gbẹ.

Ọmọ ọba ni Ọdẹ́rìndé tó tẹ ìlú yìí dó. Ọdẹ ni pẹ̀lú, Àlàó, a-rìn-jìnnà-má-ṣìnà, ọkùnrin tí í mọ ọ̀nà ẹtu ju ẹtu lọ. Ìlú baba rẹ̀ ti di ahoro, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ níbí. Kì í ṣe ogun ló sọ ọ́ di ahoro, kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn. Àwọn ọmọ ọba ló pín in tán. Wọ́n pín igbó, wọ́n pín odò, wọ́n pín abẹ́ igi tí àwọn àgbà ti ń gba atẹ́gùn. Ẹni tó bá fẹ́ pọn omi, ó ní ọmọ ọba tí yóò kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ́ igi ìdáná, ó ní ẹni tí yóò bẹ̀. Ọdẹ́rìndé ni àbíkẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n pín tán, kò sí ohun tó kàn án àfi ọrun àti apó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò dùn ún tó bó ṣe dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, Ẹfúndùnkẹ́. Obìnrin gíga ni, Àwẹ̀ró, a-sọ̀rọ̀-má-wẹ̀yìn. Ìkòkò ló ń mọ. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún náà, ilé tí wọ́n ń gbé sì ti bọ́ sórí ilẹ̀ tí ọmọ ọba kan pín gbà. Ọmọ ọba yìí ní òun kò fẹ́ òkú ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ òun. Ẹfúndùnkẹ́ tọ èyí lọ, ó tọ tọ̀hún lọ. Olúkúlùkù ló ní ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní àyè. Níkẹyìn, ẹ̀bá ọ̀nà ló sin ọkọ rẹ̀ sí bí ẹni sin ajá. Nígbà tó dìde lórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ náà, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn máa lọ. Ó ní òun kò gbé ibi tí gbogbo ilẹ̀ ti ní olówó mọ́.

Àwọn tí ẹ̀bẹ̀ omi ti sú bá wọn lọ. Ládèpò wà lára wọn, ọkùnrin tó ń dá ẹmu, tí ẹnu rẹ̀ dùn ju ẹmu rẹ̀ lọ. Wọ́n rìn títí. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dára, ó ti ní olówó. Ibi tí kò bá sì ní olówó, kò ní omi. Ìyà jẹ wọ́n dáadáa. Àwọn arúgbó kú lọ́nà, àwọn ọmọdé ń bú sẹ́kún, àwọn kan sì ti ń wí i wúyẹ́wúyẹ́ pé omi tí a kúnlẹ̀ fún sàn ju òùngbẹ tí a dúró fún lọ.

Ọdẹ́rìndé ní ajá kan tó ń jẹ́ Ìfura-loògùn. Ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ajá náà sá wọ inú igbó kan lọ, wọ́n fọn fèrè ọdẹ pè é, kò dáhùn. Nígbà tí wọ́n wá a rí, ó ti dùbúlẹ̀ sí ẹ̀bá omi tútù kan tó ń sun láti abẹ́ àpáta, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀. Wọ́n pè é, kò dìde. Wọ́n fà á, ajá tí kò gbó mọ́ ọ̀gá rẹ̀ rí wá yọ eyín sí i. Ọdẹ́rìndé ní ẹ fi í sílẹ̀, ó ti délé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń pe ìsun náà ní Omi-Ajá, tí a kì í sì í na ajá ní ẹ̀bá rẹ̀ títí dòní, ì báà jẹ ẹran inú ìkòkò tán.

Lórí òkè tó wà lẹ́yìn omi náà ni wọ́n ti rí Àwọn Àgbà Òkè. Òkúta gígùn ni wọ́n, wọ́n dúró yíká bí ìgbà tí àwọn ìjòyè bá ń ṣe ìpàdé. Ẹnìkan láyé àtijọ́ ti gbẹ́ ojú sí wọn, ojú tó kọ ilà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ mọ́. Obìnrin arúgbó kan wà láàárín wọn tó ń fi ewé nu eruku kúrò lójú wọn, ìyẹn ẹni tí a ń pè ní Ìyá Òkè. Àwọn kan ní òrìṣà ni, àwọn kan ní ẹni tó kù nínú ìlú tó ti parẹ́ ni. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bi í pé ta ló ni ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹnìkan ṣoṣo mọ́. Ó ní:

"Òkè ní kí n wí fún yín. Ẹ jókòó sí ẹsẹ̀ mi, ẹ má jókòó lé mi lórí. Ẹ mu omi mi, ẹ má dí ojú rẹ̀. Ẹ já ewé mi, ẹ má tu gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn àgbà tí ẹ ń wò yìí, ẹni tó gbẹ́ wọn ti lọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè jogún wọn. Bí ẹ bá máa gbé ibí, ẹ fi pèrègún pààlà yí òkè àti igbó yìí ká, kí ayé lè mọ̀ pé gbogbo yín lẹ ni ín, pé kò sí ẹni tó dá a ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọwọ́ ni kó gbìn ín. Ọwọ́ tó bá dá a gbìn ni yóò dá a jẹ."

Ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Kò sí àdììtú nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, pèrègún ní í jẹ́rìí ààlà. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé iwájú àwọn àgbà, ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, ọwọ́ ta ló gbin pèrègún yìí? Bí a bá ti mọ ọwọ́ náà, ẹjọ́ ti tán.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn ín, olúkúlùkù ti gé ẹ̀ka tirẹ̀ dání, tọkùnrin tobìnrin. Ẹfúndùnkẹ́ pàápàá ti gbẹ́ ihò tirẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀. Àfi bí Ládèpò ṣe bọ́ síwájú.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká mọ̀wọ̀n ara wa. Ṣé ojú ọmọ ọba ni a ó ti máa gbin pèrègún bí ẹgbẹ́ rẹ̀? Wọn ò bí wa bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbìn ín. Ọwọ́ yín lọwọ́ wa."

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Inú wọn dùn pé àwọn mọ ìwà hù. Ẹnìkọ̀ọ̀kan dọ̀bálẹ̀, ó gbé ẹ̀ka tirẹ̀ kalẹ̀ síwájú Ọdẹ́rìndé. Ọ̀rọ̀ Ìyá Òkè sọ sí Ẹfúndùnkẹ́ lọ́kàn, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, àbúrò tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fún ní nǹkan kan rí. Ayọ̀ bò ó lójú. Ó gbé ẹ̀ka tirẹ̀ fún un pẹ̀lú. Ọdẹ́rìndé nìkan ló gbin pèrègún yí òkè àti igbó ká, àwọn tó kù ń kì í lẹ́yìn, wọ́n ń ṣàtẹ́wọ́. Ìyá Òkè wò wọ́n. Ó mú ewé tó fi ń nu eruku, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà kejì òkè náà, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́.

Ìwà ọ̀yájú ló ba ìlú mìíràn jẹ́. Tiwa, ìforíbalẹ̀ ni.

Wọ́n fi Ọdẹ́rìndé jọba, ìlú sì tòrò. Àwa kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó kọ́kọ́ ṣe é dáadáa. Onílé àti àlejò ló ń wọ igbó náà, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n. Wọ́n ń ṣa ìgbín nígbà òjò, wọ́n ń wú olú, wọ́n ń já ewé àgbo, wọ́n ń ṣẹ́ igi gbígbẹ. Amọ̀ ẹsẹ̀ òkè ni Ẹfúndùnkẹ́ ń wà, kò sì pẹ́ tí kò fi sí ilé kan tí ìkòkò rẹ̀ kò sí. Láàárọ̀, bó bá ti pọn omi tán, yóò gun òkè lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí bíi ti ọkọ rẹ̀. Yóò da omi díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, yóò ní, "Ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀, ṣé ẹ jí ire?" Ẹ̀bá ọ̀nà tí ó sin ọkọ rẹ̀ sí jìnnà, kò sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ èrò ti tẹ ibẹ̀ pẹrẹsẹ. Níbí ló ti rí ibi tó lè jókòó tì. Òun nìkan kọ́. Àwọn mìíràn ní òkúta tí wọ́n ń kí bíi baba wọn, nítorí gbogbo wọn ló ti fi òkú sílẹ̀ lọ́nà.

Adégoróyè, àkọ́bí ọba, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí baba òun fún òun ní oko nínú igbó òkè. Ọba ní igbó náà kì í ṣe ti òun.

Adégoróyè rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ ta ló gbin pèrègún?"

Ọba kò dáhùn. Bí ọba kò bá dáhùn, àwọn ọmọ ọba mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Àáké wọ igbó láti ìhà ìlà-oòrùn. Ìjòyè tó rí ti Adégoróyè bèèrè tirẹ̀, wọ́n fún un. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bèèrè. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣa ìgbín lánàá, lónìí wọ́n á bá ọmọ ọ̀dọ̀ ìjòyè níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgba lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń bínú nínú ilé, wọ́n sì ń kí ìjòyè lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fẹ́ tún ààfin kọ́. Adégoróyè ní òpó ẹnu ọ̀nà ààfin kò gbọdọ̀ jẹ́ igi bíi ti gbogbo ayé. Wọ́n lọ hú méjì nínú Àwọn Àgbà Òkè, wọ́n yí wọn bọ̀ láti òkè, wọ́n rì wọ́n sí ẹnu ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹfúndùnkẹ́ gun òkè pẹ̀lú omi rẹ̀, ihò ló bá. Ó dúró ti ihò náà títí oòrùn fi mú. Ẹni tí wọ́n ti lé òkú ọkọ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan rí, wọ́n tún lé e jáde fún un.

Ó kọjá sí ààfin, ó bá ọba nínú yàrá. Kò kúnlẹ̀.

"Àlàó, o gbọ́ ohun tí ìyá yẹn wí. Ìwọ àti èmi la jọ dúró."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ pọ̀, ilẹ̀ ò sì pọ̀."

"Èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa pín náà ò pọ̀. Níbo ni tìrẹ wà níbẹ̀?"

Ọba wo ilẹ̀. Ó ní, "Àwọn ìjòyè ní ọwọ́ mi ló gbìn ín. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?"

Ẹfúndùnkẹ́ kò lè sọ pé irọ́ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gún un jù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti agboolé dé agboolé. Bó bá débi tí wọ́n ti ń ro oko, yóò bá wọn ro ó, yóò máa sọ ọ́. Bó bá débi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀gúsí, yóò jókòó, yóò bá wọn pa á. Ó ní, "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn. Àbúrò mi ló ń jẹ ẹ́. Mo ti sọ fún un, etí rẹ̀ ti di. Ó wá kù sọ́wọ́ àwa. Lónìí ìgbín ni, lọ́la omi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti kúnlẹ̀ torí omi rí, ṣé orúnkún yín ti jinná ni?"

Àwọn kan ní òótọ́ ni. Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n ọba ni, kò sí ohun tí wọ́n lè fi í ṣe, ìyà ọ̀rọ̀ náà yóò jẹ mẹ̀kúnnù ni. Ẹfúndùnkẹ́ ní òun kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá a ṣe. Ọ̀nà tó rí ni pé kí gbogbo ìlú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fa pèrègún tí ọwọ́ kan gbìn tu, kí gbogbo ọwọ́ tún un gbìn. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni fífa pèrègún ààlà tu. Lílé kúrò nílùú ni ìjìyà rẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá fà á, ta ni yóò lé ta? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Ládèpò ló kọ́kọ́ fò dìde. Ó lu àyà, ó ní bí òun kò bá jáde, kí ọ̀pẹ má sun ẹmu fún òun mọ́ láé. Gbogbo ilé ló ṣèlérí. Wọ́n fi àárọ̀ ọjọ́ ọjà sí i.

Àárọ̀ náà mọ́, Ẹfúndùnkẹ́ ti dúró sídìí ààlà. Oòrùn yọ. Ó ń wo ọ̀nà. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò díẹ̀ dé bá a, wọ́n sì dúró tì í. Ó ń rí èéfín tó ń jáde lórí òrùlé kọ̀ọ̀kan nílùú. Wọ́n ti jí. Wọ́n ń dáná. Olúkúlùkù ń yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn bóyá ẹnìkejì rẹ̀ ti jáde, ẹnìkejì náà sì ń yọjú wò ó. Ládèpò ńkọ́? Ó gun ọ̀pẹ lọ, ó fi igbà de ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní òun á kọ́kọ́ wo bí yóò ṣe rí kí òun tó sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn amọ̀kòkò ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká padà. Wọn ò wá."

Ẹfúndùnkẹ́ ní, "Bí mo bá padà, kí ni mo fẹ́ lọ bá nílé?"

Ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Ó di pèrègún kìíní mú, ó fà á, gbòǹgbò rẹ̀ ti jinlẹ̀, ó fi gbogbo ara fà á títí ó fi tu. Ó tún ihò náà ṣe, ó gé ẹ̀ka tuntun, ó gbìn ín. Kò tíì kan ìkejì tí àwọn ìránṣẹ́ ààfin fi dì í mú.

Iwájú ààfin wá kún fọ́fọ́. Àwọn tí kò rí àyè wá síbi pèrègún rí àyè wá wòran. Àárín òkúta méjì nì ni wọ́n mú Ẹfúndùnkẹ́ dúró sí. Ọba bèèrè ẹni tó fa pèrègún tu. Ó ní òun ni. Ọba bèèrè ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó yí ojú padà, ó wo àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Ó rí àwọn amọ̀kòkò tí wọ́n ń gbọ̀n.

Ó ní, "Èmi nìkan ni."

Ohùn ọba wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wí pé ẹ ṣi ọwọ́ gbé. Ẹ wí i, ká lọ jẹun."

"Mi ò ṣi ọwọ́ gbé lónìí, Kábíyèsí. Ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀ka tèmi lé yín lọ́wọ́ ni mo ṣi ọwọ́ gbé."

Adégoróyè ka òfin. Ọba dúró pẹ́, ó ń wo ogunlọ́gọ̀ náà bí ẹni tó ń retí nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ẹni tó wúkọ́. Ó fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ojú, ó ní kó máa lọ.

Ẹfúndùnkẹ́ gbé ìkòkò kan rù, ó gba àárín ìlú jáde. Àwọn ilẹ̀kùn ń padé níwájú rẹ̀. Kò sí ilé tó kọjá tí ìkòkò tó mọ kò sí lórí ààrò níbẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọbẹ̀ ṣe ń hó nínú wọn. Kò sí ẹni tó ní ó dàbọ̀.

Nígbà tí Ládèpò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ó lọ sí Omi-Ajá láti bọ́jú. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin náà wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnìkejì.

Ládèpò ní, "Mo wà lókè. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi dà bí èèrà lójú ọ̀nà." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ẹnu mi yìí ló ní kí ọmọ ọba dá a gbìn. Ẹnu mi yìí náà ló búra."

Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ fa pèrègún kan tu, ó tún un gbìn. Obìnrin kan sọ ìkòkò omi rẹ̀ kalẹ̀, ó fa ìkejì. Kò sí ẹni tó pe ẹnikẹ́ni. Kí oòrùn tó yí, gbogbo ìlú ti wà lẹ́nu ààlà, onílé, àlejò, abiyamọ, arúgbó tí wọ́n gbé pọ̀n wá.

Ọba àti Adégoróyè dé pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́. Adégoróyè ní kí wọ́n lé gbogbo wọn. Baba rẹ̀ bi í bóyá alángbá ni òun yóò máa jọba lé lórí. Ó kọjú sí ìlú.

"Ta ló fà á tu?"

Gbogbo wọn ní, "Àwa ni."

"Ta ló tún un gbìn?"

"Àwa ni."

Ọba mi orí. Àwọn tó dúró nítòsí ní omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i pé ẹ lẹ́nu? Láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ yìí náà ni mo dúró tí mo ń retí. Ká ní ẹ ti dáhùn báyìí, ta ni ǹ bá lé? Ẹ dá mi lóhùn ẹyọ kan sí i. Ta ló lé ẹ̀gbọ́n mi?"

Ì bá wù wọ́n láti ní ìwọ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Ládèpò ló kọ́kọ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. Ó ní, "Àwa ni." Àwọn tó kù wá ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Báyìí ni òkè àti omi àti ìyókù igbó ṣe di ti gbogbo wa, tí a fi ń jẹ́ Àjọgbìn. Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló padà bọ̀ sípò. Èyí tí wọ́n ti gé ti gé. Ìhà ìlà-oòrùn tí ẹ ń pè ní Oko Ọmọba, igbó ni tẹ́lẹ̀, koríko ló wà níbẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti hú òkúta méjì nì lẹ́nu ọ̀nà ààfin, èyí tó jọ ọkọ Ẹfúndùnkẹ́ là sí méjì, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n rán èèyàn tẹ̀ lé obìnrin náà. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ní òun ti tù ú kọjá, obìnrin náà sì sọ fún òun pé bí ẹnikẹ́ni bá wá láti ẹ̀yìn, kí òun sọ pé òun kò rí i.

Ní ìlú mìíràn, bí obìnrin akọni bá lọ, wọn a ní ó di odò, wọn a ní ó wọlẹ̀ di òrìṣà. Ẹfúndùnkẹ́ kò di nǹkan kan. Arìnrìn-àjò kan ló sọ fún àwọn baba wa pé ilé onílé ló dàgbà sí, ó ń mọ ìkòkò fún àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. A kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Láyé tiwa yìí, àwọn kan gbé katakata dé láti fọ́ òkè fún òkúta títì. Wọ́n bèèrè ẹni tó nilẹ̀, kí wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ọba na ọwọ́ sí wọn, ó ní ọwọ́ òun kò kan pèrègún ibẹ̀ rí. Wọ́n tọ àwọn ìjòyè lọ, èsì kan náà ni. Wọ́n wọ ilé dé ilé, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bi, ohun tó ń sọ ni pé, "Àwa ni." Nígbà tí wọ́n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ti jókòó sí ẹnu ààlà, wọn kò mú ohun ìjà kankan dání. Katakata yí padà. Ẹnikẹ́ni kò jó, ẹnikẹ́ni kò sì yọ̀, nítorí a mọ ọjọ́ tó yẹ ká ti jókòó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù tí à ń ṣe nìyí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, a kì í dáná láàárọ̀ ọjọ́ ìgbìn, kí èéfín má baà jáde lórí òrùlé kankan. A ó fi màrìwò de ọwọ́ ọba méjèèjì, yóò jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Agboolé kọ̀ọ̀kan yóò gbin pèrègún tirẹ̀ sí ojú ààlà, a ó sì di ọwọ́ ọmọ tuntun mú kan ẹ̀ka náà. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn amọ̀kòkò yóò dìde. Yóò bèèrè pé ta ló gbìn ín, a ó pariwo pé àwa ni, igbó á gbà á. Yóò bèèrè pé ta ló lé Ẹfúndùnkẹ́. Àlejò a máa rò pé ọba la máa dárúkọ. Ohùn gbogbo wa á wálẹ̀, a ó ní, "Àwa ni." Wọn kì í tú ọwọ́ ọba títí tí gbogbo ẹnu yóò fi sọ ọ́ tán. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìyá rẹ̀ ló ń bá a dáhùn.